Pípa ló ṣòro, kì í ṣe títàn: àlàyé lórí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Chenming Hu àti transistor FinFET

Bí ẹ bá fẹ́ ra fóònù, ẹ óò rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé chip Helio G85 jẹ́ «12 nm», Helio G99 sì jẹ́ «6 nm» (nm ni nánómítà, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé nọ́ńbà yìí ni ìwọ̀n ohun kan nínú chip ọ̀hún, àti pé bó bá ṣe kéré tó ni chip á ṣe yára tó. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́ mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ti kejì. Chip méjèèjì ló ń lo transistor tí wọ́n ń pè ní FinFET, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Chenming Hu àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn a máa pè é ní «baba FinFET», wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ohun tí irú ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ ń ṣe gan-an, àti ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi wà nínú àpò yín, la fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Ní ṣókí, ìlú Beijing ni wọ́n ti bí Hu ní 1947, Taiwan ló sì dàgbà sí. Ó gboyè àkọ́kọ́ ní National Taiwan University ní 1968, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley ní 1973, ó kọ́ni ní MIT títí di 1976, ó sì padà sí Berkeley. Láti 2001 sí 2004, òun ni ọ̀gá àgbà fún ìmọ̀ ẹ̀rọ ní TSMC, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ẹlòmíì ṣe chip ní Taiwan.

Swíìṣì tí kì í pa tán

Transistor inú chip jẹ́ swíìṣì. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ti ibi tí wọ́n ń pè ní source wọlé, ó ń gba drain jáde, gate ló sì ń pàṣẹ bóyá kó kọjá tàbí kó má kọjá. Gate kò fara kan ojú ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì nínú sílíkọ́nì, ohun tí wọ́n fi ń ṣe chip. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí iná kì í gbà kọjá ló pààlà sí wọn láàárín. Bí a bá gbé fóltì sórí gate, agbára rẹ̀ á fa elẹ́kítírọ́ọ̀nù jọ sí ojú ọ̀nà, iná á máa lọ. Bí a bá gbé fóltì náà kúrò, ojú ọ̀nà á dá, iná á dúró. Mohamed Atalla àti Dawon Kahng ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ tó ṣiṣẹ́, ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, ní 1959.

Bí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Nínú chip gidi, iná kì í dúró pátápátá, ó máa ń jò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí jíjò ń jẹ. Ká ní transistor kọ̀ọ̀kan ń jo iná nánò-ámpíà 1 péré, ìyẹn ni pé ká pín ámpíà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù, ká mú ẹyọ kan níbẹ̀. Bí transistor bílíọ̀nù kan bá wà nínú chip, àpapọ̀ rẹ̀ ti di ámpíà 1. Bí chip bá ń lo fóltì 0.8, wáàtì 0.8 ló ń ṣòfò lásán láì ṣe iṣẹ́ kankan. Bátìrì fóònù 5,000 mAh ní agbára wáàtì-wákàtí bíi 19, nítorí náà nǹkan bí ọjọ́ kan ló máa fi tán, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ fọwọ́ kan fóònù náà. Bí jíjò yẹn bá fi di nánò-ámpíà 10, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni bátìrì máa lò. Chip mìíràn sì ní ju bílíọ̀nù kan lọ dáadáa. A17 Pro ti Apple ní bílíọ̀nù 19. Lóòótọ́, àwọn ẹnjiníà máa ń gé iná kúrò lápá ibi tí kò ṣiṣẹ́ nínú chip, àmọ́ ibi tó ń ṣiṣẹ́ kò ṣeé gé, ibẹ̀ náà sì ń jò.

Kí ló ń fa jíjò? Ooru ni. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í dúró sójú kan. Nígbà gbogbo ni ooru ń ta wọ́n kiri, díẹ̀ nínú wọn sì máa ń ní agbára tó tó láti fo ohun tí gate fi dínà. Nítorí èyí, òfin kan wà tí kò gbẹ̀bẹ̀: níbi tí ooru bá wà ní nǹkan bíi 27°C, kí iná tó ń jò tó lè dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, fóltì orí gate gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ní mílífóltì 60, ó kéré tán. Ká ní mílífóltì 300 ló wà láàárín títàn àti pípa. Transistor tó dára jù lọ á pín iná sí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀marùn-ún, ohun tó kù á jẹ́ ìdá kan nínú 100,000. Èyí tó bá ń gba mílífóltì 100 kó tó pín in lẹ́ẹ̀kan á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta péré, ohun tó kù níbẹ̀ á jẹ́ ìdá kan nínú 1,000. Fóltì kan náà ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ìkejì ń jò ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́.

Kíkúrú ojú ọ̀nà ló ń sọ transistor rere di irú ìkejì yẹn. Drain náà ní fóltì tirẹ̀. Nígbà tó bá jìn sí source, kò lè ṣe nǹkan. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ ara wọn, fóltì drain á bẹ̀rẹ̀ sí fa elẹ́kítírọ́ọ̀nù láti source láìgba àṣẹ lọ́wọ́ gate. Ibi tó sì ti burú jù kì í ṣe ojú sílíkọ́nì tí gate jókòó lé. Ìsàlẹ̀ ni, níbi tí agbára gate kò dé. Ẹ fi wé rọ́bà omi tó nípọn tí èèyàn fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo tẹ̀ látòkè: omi á ṣì máa gba abẹ́ kọjá.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ abẹ́ gate ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń yanjú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kúrú transistor, wọ́n á tún fẹ́ awọ náà lẹ́lẹ́ sí i, kí gate lè sún mọ́ ojú ọ̀nà. Nígbà tí Intel máa fi dé ìran 90 nm ní 2003, awọ náà kò ju nánómítà 1.2 lọ, átọ́ọ̀mù mélòó kan péré tó dúró lórí ara wọn. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí gba inú awọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ kọjá. Ní 2007, Intel lo awọ mìíràn tó ní hafnium nínú, tó lè nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ tí agbára gate á ṣì gbà á kọjá dáadáa. Ìyẹn dí ibi tó ń jò lókè. Ti ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ yọ sílíkọ́nì tí kò wúlò kúrò

Ohun tí Hu sọ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà. Lójú tirẹ̀, sílíkọ́nì ló pọ̀ jù. Bí kò bá sí sílíkọ́nì kankan níbi tó jìn sí gate, iná kò ní rí ibi tí yóò gbà jò. Ó wá di dandan kí ara tí iná ń gbà kọjá tín-ín-rín ju gígùn gate lọ.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, DARPA, àjọ ìwádìí ti iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà, ń wá ẹni tó lè ṣe transistor tó kéré tó 25 nm, nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣì ń lọ sí 250 nm. Hu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley, Tsu-Jae King Liu àti Jeffrey Bokor, dáhùn pẹ̀lú ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan ni kí wọ́n tẹ́ sílíkọ́nì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ohun tí iná kì í gbà kọjá. Ìkejì ni kí wọ́n gbé e dìde bí ògiri tẹ́ẹ́rẹ́, kí gate gun ògiri náà, kó sì bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti lórí. Ògiri yìí ni fin tí wọ́n fi sọ FinFET lórúkọ. Kì í ṣe inú òfìfo ni ó ti wá: Digh Hisamoto ti ilé iṣẹ́ Hitachi ní Japan ti ṣe transistor tó dúró lóòró ní 1989, ó sì wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní Berkeley. Ní 1999 wọ́n fi èyí tí gate rẹ̀ kò ju 18 nm lọ hàn níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ.

Ọdún méjìlá gbáko ló kọjá kí Intel tó kéde ní 2011 pé òun máa lò ó ní ìran 22 nm. Chip náà dé ọjà ní 2012. Samsung àti TSMC tẹ̀ lé e. Ọ̀nà àkọ́kọ́, ti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wà lọ́jà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó nílò wafer (àwo sílíkọ́nì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ́ chip lé) àkànṣe tó wọ́n, kò sì gbajúmọ̀ tó FinFET.

Kí ló gba ọdún méjìlá? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri ọ̀hún lórí wafer tó fẹ̀ ní mílímítà 300. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń ya àwòrán sórí wafer kò lè ya ìlà tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ ya ìlà tó fẹ̀, wọ́n á fi ohun mìíràn bo ó yíká, wọ́n á gé ti òkè kúrò kí ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè kù, wọ́n á wá yọ ìlà àkọ́kọ́ náà dànù. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù yìí ló di àwòrán fún ògiri méjì, ìnípọn ohun tí wọ́n fi bo ìlà náà ló sì ń pinnu bí ògiri ṣe máa nípọn tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ sílíkọ́nì wọlẹ̀, wọ́n á fi ọ́ksáídì, ohun tí iná kì í gbà kọjá, kún kòtò tó wà láàárín àwọn ògiri, wọ́n á dán an títí yóò fi tẹ́jú, wọ́n á tún jẹ ọ́ksáídì náà wálẹ̀ kí orí ògiri lè yọ síta. Gate àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé lé e kò ní dúró síbẹ̀, ó wà láti di àyè mú nìkan. Nígbà tí wọ́n bá ti hu source àti drain tán, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì fi awọ hafnium àti irin gidi dípò rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ yìí, gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ ló ń bàjẹ́. Bí wọ́n bá fọ wafer tí omi sì ń gbẹ, omi tó há sáàárín àwọn ògiri á fà wọ́n, wọ́n á tẹ̀ tàbí kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí ẹ̀gbẹ́ ògiri bá rí wúruwùru, elẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa kọsẹ̀, iná á dín kù. Bí ìnípọn ògiri kan bá yàtọ̀ sí ti ìkejì ní nánómítà kan péré, fóltì tí wọ́n fi ń tàn á yàtọ̀ nìyẹn. Ògiri tó fẹ̀ ní nánómítà 8 kò sì ju ìpele sílíkọ́nì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ (ìpele kọ̀ọ̀kan tó nánómítà 0.543), nítorí náà nánómítà kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Ooru pẹ̀lú ń dààmú wọn: ògiri tín-ín-rín kì í rí ọ̀nà gbé ooru rẹ̀ sọ sílẹ̀ bíi ti sílíkọ́nì tó tẹ́jú.

Èrè rẹ̀ rèé. Ní ìran 22 nm ti Intel, ògiri ga ní 34 nm, ó fẹ̀ ní nǹkan bíi 8 nm, 60 nm sì ni láti ògiri kan dé ìkejì. Iná ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti orí: 34 lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú 8 jẹ́ 76. Lórí ilẹ̀ tí kò ju 60 nm lọ, iná rí ọ̀nà tó fẹ̀ ní 76 nm. Ilẹ̀ kò pọ̀ sí i, iná pọ̀ sí i, jíjò sì dín kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya chip kò lè béèrè fún ògiri kan àti ààbọ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, transistor lè fẹ̀ bó bá ṣe wù ú. Nísinsìnyí ẹyọ 1, 2 tàbí 3 ló gbọ́dọ̀ mú, ìyẹn sì dá wàhálà sílẹ̀ pàápàá fún àwọn tó ń ṣe sẹ́kíìtì rédíò àti ti ohùn.

Ní ti nọ́ńbà orí páálí, Intel tẹ ìwọ̀n ìran 14 nm rẹ̀ jáde: láti ògiri dé ògiri jẹ́ 42 nm, láti gate dé gate jẹ́ 70 nm, gíga ògiri jẹ́ 42 nm. Kò sí èyí tó jẹ́ 14 nínú wọn. Orúkọ ìran lásán ni, bí orúkọ mọ́tò. 12 nm ti TSMC jẹ́ àtúnṣe sí 16 nm rẹ̀, 6 nm sì jẹ́ àtúnṣe sí 7 nm, èyí tí wọ́n sọ pé ó lè kó sẹ́kíìtì jọ sójú kan ní ìdá 18 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ lè fi nọ́ńbà TSMC wé nọ́ńbà TSMC, kí ẹ sì mọ̀ pé èyí tó kéré kò ní jẹ bátìrì tó èyí tó tóbi níbi iṣẹ́ kan náà. Ẹ má fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan wé ti òmíràn.

Iṣẹ́ tí kò lókìkí

Kí FinFET tó dé, Hu ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìbéèrè mìíràn: ṣé transistor yìí á pẹ́? Ní àwọn ọdún 1980, ojú ọ̀nà ń kúrú, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kò fẹ́ kúrò lórí fóltì 5, torí òun ni gbogbo ẹ̀rọ yòókù ń lò. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré lọ sí drain wá ní agbára àjùlọ. Díẹ̀ nínú wọn ń fò wọ inú awọ, wọ́n ń ba ojú ibi tí awọ àti sílíkọ́nì ti pàdé jẹ́, transistor á sì máa lọ́ra díẹ̀díẹ̀. Chip á yege lọ́jọ́ tí wọ́n bá dán an wò, yóò sì dákú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ta ló fẹ́ dúró fún ọdún mẹ́wàá kó tó mọ̀?

Elẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá ní agbára tó bẹ́ẹ̀ máa ń kọ lu átọ́ọ̀mù sílíkọ́nì, ohun tó bá sì já níbẹ̀ máa ń ṣàn jáde láti ìdí sílíkọ́nì bí iná kékeré kan tó ṣeé wọ̀n. Hu àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi hàn pé iná kékeré yìí bá ìbàjẹ́ inú awọ rìn pọ̀. Ẹnjiníà á wá fi fóltì tó ga ju ti ìlò ojoojúmọ́ fìyà jẹ transistor fún wákàtí díẹ̀, á wo bó ṣe ń bàjẹ́ sí, á sì fi iná kékeré náà ṣírò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá ní fóltì gidi.

Iṣẹ́ kẹta, tí àwa kà sí èyí tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀, ni BSIM, ìyẹn ìṣirò tó ń ṣàpèjúwe transistor fún kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó lè kọ́ chip kó tó mọ̀ bóyá ó máa ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ pọ̀ jù. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ dán an wò, pẹ̀lú sọ́fítíwíà irú SPICE, tí Larry Nagel àti olùkọ́ rẹ̀ Donald Pederson gbé jáde ní Berkeley kan náà ní 1973. SPICE kò mọ ohun tí transistor jẹ́. Ó nílò ìṣirò tí á sọ fún un pé bí fóltì gate bá jẹ́ báyìí, tí ti drain jẹ́ báyìí, iná tó máa kọjá jẹ́ báyìí. Ìṣirò tó péye jù lọ lè gba kọ̀ǹpútà lákòókò gígùn lórí transistor kan ṣoṣo. SPICE sì gbọ́dọ̀ ṣe é fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún transistor, lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ń kọ irú ìṣirò yìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó lè fò tí kò ní ba òótọ́ jẹ́, ìyẹn ló sì mú kó jẹ́ iṣẹ́ onímọ̀ transistor, tí kì í ṣe ti onímọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni oríta. Ìṣirò àtijọ́ ní ọ̀kan fún ìgbà tí transistor wà ní pípa, òmíràn fún ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, òmíràn fún ìgbà tó tàn tán. Níbi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ìlà á ṣẹ́. SPICE máa ń mefò ìdáhùn, á wo bí ìlà ṣe dagun, á sì tún mefò. Bó bá dé ibi tí ìlà ti ṣẹ́, á máa fò síwá sẹ́yìn láì dé ibì kankan, iṣẹ́ á dúró. BSIM3 so gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìṣirò kan tó ń yọ̀ lọ láìṣẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ mú un gẹ́gẹ́ bí èyí tí gbogbo wọn máa jọ lò, Berkeley sì ń fi í síta lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ìgbà náà, bí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip àti ẹni tó ń ya chip ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ á wọn transistor rẹ̀, á kó nọ́ńbà tó ju ọgọ́rùn-ún lọ sínú fáìlì kan, á sì fún ẹni tó fẹ́ ya chip. Ẹni náà lè wà ní ìlú mìíràn, kó má sì rí ilé iṣẹ́ ọ̀hún sójú láéláé. Bí nọ́ńbà kan nínú fáìlì náà bá ṣì, chip á ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, kò sì ní ṣiṣẹ́ lórí wafer. Nígbà tí FinFET dé, irú BSIM mìíràn, BSIM-CMG, ti wà nílẹ̀ dè é. Ká ní kò sí, àwọn tó ń ya chip ì bá má mọ bí wọ́n ṣe máa lo ògiri náà.

Ààrẹ Obama fún Hu ní àmì-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè fún ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2016, ó sì gba Medal of Honor ti IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná mànàmáná, ní 2020.

FinFET kò borí òfin mílífóltì 60. Ó kàn mú transistor padà sẹ́bàá rẹ̀ ni. Ní ìran 3 nm tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, Samsung fi ògiri sílẹ̀, ó sì tẹ́ sílíkọ́nì bí ewé pẹlẹbẹ tó dúró lórí ara wọn, tí gate yí ewé kọ̀ọ̀kan ká lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ti wá di rọ́bà omi náà mú yíká báyìí. Síbẹ̀ òfin ọ̀hún ṣì dúró, òun ló sì fà á tí fóltì chip kò fi lọ sílẹ̀ púpọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yìí wá: bí wọ́n bá dín in kù jù, àyè láàárín títàn àti pípa á há. Ní 2008, Sayeef Salahuddin, tóun náà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berkeley, àti Supriyo Datta dábàá pé bí wọ́n bá fi irú ohun èlò kan tó ń jẹ́ ferroelectric ṣe awọ abẹ́ gate, awọ náà lè mú fóltì kékeré ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí transistor lè pa kíákíá ju mílífóltì 60 lọ. Àwọn olùwádìí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Awọ hafnium tó ti wà lábẹ́ gate láti 2007, bí wọ́n bá pò ó mọ́ zirconium, lè di ferroelectric, nítorí náà ilé iṣẹ́ kò ní láti wá ohun èlò àjèjì kiri kó tó gbìyànjú rẹ̀.